FÍRÍDỌ̀Ọ̀MÙ: Ọ̀RỌ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ KAN LẸ́NU ÀWỌN ONÍṢẸ́-ỌWỌ́ ÌBÀDÀN

 

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí a tó rí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tí kò mọ̀ ọ́n, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé-ìwé rí. Ọ̀rọ̀ náà ni “freedom”, èyí tí àwa ń pè ní fírídọ̀ọ̀mù. Bí ènìyàn bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí yóò kọ́kọ́ bá pàdé níbẹ̀ ni òmìnira: pé kí ènìyàn má sí nínú ìdè, kí ó lè ṣe ohun tí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n bí aránṣọ kan ní Gbági bá sọ pé ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀ ni fírídọ̀ọ̀mù òun, kò sí ẹni tí yóò bi í pé ta ni ó dè é mọ́lẹ̀. Ohun tí wọn yóò bi í ni pé irú aṣọ wo ni kí àwọn rà fún ọjọ́ náà.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fẹ́ dáhùn. Èkíní, kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí lẹ́nu àwọn tí wọ́n ni ín, kí sì ni ó túmọ̀ sí lẹ́nu wa? Èkejì, ṣé àṣìlò ni ìlò tiwa, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ti ń wí? Ẹ̀kẹta, kí ni ó kan ọmọ ìkọ́ṣẹ́ àti òbí rẹ̀ nínú gbogbo àlàyé yìí? Ìbéèrè kẹta ni ó jẹ mí lógún jù lọ, nítorí pé owó àti ọdún ayé ọmọ ènìyàn ni ó wà nídìí rẹ̀.

2. Gbági àti àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́

Mo fi Gbági ṣe ibùdó àlàyé mi nítorí pé ó wà lára àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti di ohun ojoojúmọ́ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé ìlú yìí láti Èkó. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ òwò Òyìnbó wá tẹ̀dó sí ìhà Gbági àti Dùgbẹ̀: John Holt wà níbẹ̀, UAC tí a dá sílẹ̀ ní 1929 wà níbẹ̀, àwọn ará Lẹ́bánónì tí a ń pè ní Kórà náà sì ṣí ìsọ̀ aṣọ síbẹ̀. Àwọn àgbà a máa sọ pé igi tí àwọn Òyìnbó ń gbá mọ́lẹ̀ láti fi pín ilẹ̀ ìsọ̀ ni ó fún àdúgbò náà ní orúkọ. Aṣọ ni a mọ Gbági mọ́ títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn aláṣọ ti kó lọ sí Gbági Tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ aránṣọ láti Bẹẹrẹ, láti Ọjàaba àti láti ẹsẹ̀ òkè Màpó ni ó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra aṣọ, tí wọ́n sì ti ń ra òwú àti bọ́tìnì.

Kíláàkì, máníjà, sítọ́ọ̀, káńtà: irú ọ̀rọ̀ báwọ̀nyí ni òwò Òyìnbó kó wá. Àwọn kan nínú wọn kò yí padà. Àwọn mìíràn yí padà pátápátá lẹ́nu wa. Ẹ wo kọ́sítọ́mà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ń rajà nìkan ni orúkọ náà tọ́ sí. Ní Gbági, ìyá aláṣọ ń pe olùrà ní “kọ́sítọ́mà mi”, olùrà náà sì ń pe ìyá aláṣọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ẹni tí ó rò pé ọjà ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ nípa rẹ̀ yóò ní a ṣì í lò. Ẹni tí ó mọ̀ pé àjọṣe ni a ń sọ, ìyẹn àjọṣe ẹni méjì tí wọ́n mọ ojú ara wọn lọ́jà, yóò rí i pé ó tọ́ kí ẹni méjèèjì máa jẹ́ orúkọ kan náà. Ohun kan náà ni mo fẹ́ fi hàn nípa fírídọ̀ọ̀mù.

3. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ náà ní ju ìtumọ̀ kan lọ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni òmìnira. Èkejì, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti gbàgbé, jẹ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́, ẹnikẹ́ni kò lè ṣí ìsọ̀ tàbí kí ó máa pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá níṣẹ́ ọwọ́ láìjẹ́ pé ó ti gba freedom ìlú náà. Àkọsílẹ̀ tí ó tíì pẹ́ jù tí a mọ̀ nípa rẹ̀ jẹ́ ti ọdún 1237. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà rí i. Ẹnìkan lè jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ẹnìkan lè fi owó rà á. Ọ̀nà kẹta ni kí ènìyàn sin ọ̀gá kan fún iye ọdún tí a fi àdéhùn sí, kí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ọ̀gá náà sì mú un wá síwájú ẹgbẹ́ pé ó ti yege.

Ní 1563, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di dandan pé ọdún 7 ó kéré tán ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ lò. Ìwé àdéhùn tí wọ́n ń kọ, méjì ni wọ́n ń kọ sórí awọ kan ṣoṣo, wọn a sì fi ọ̀bẹ gé e ní ìgékúgèé bí eyín ayùn. Ọ̀gá a mú apá kan, òbí a mú apá kejì. Bí ìjà bá dé, wọn a kó apá méjèèjì pọ̀ láti mọ̀ bóyá eyín wọn bá ara wọn mu. Nígbà tí ọdún bá pé, ọmọ náà yóò san owó, yóò búra, wọn yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Wọ́n pa ìlànà ọdún 7 náà rẹ́ nínú òfin ní 1814. Freedom ìlú Lọ́ńdọ̀nù kò parẹ́ o. Ó kàn di oyè ọlá nígbà tí ó yá ni. Nelson Mandela gba irú rẹ̀ ní 1996.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí wé ohun tí ẹ mọ̀: àdéhùn, iye ọdún, ọ̀gá, ẹgbẹ́, owó, ìbúra, ìwé ẹ̀rí. Àwọn ohun méje yìí kò ṣàjèjì sí aránṣọ kankan ní Ìbàdàn. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ bá fi yíǹkì pupa fa ilà sábẹ́ gbólóhùn ọmọ tí ó kọ ọ́ pé òun ti gba freedom òun nínú iṣẹ́ aṣọ rírán, ìtumọ̀ kan tí ó pẹ́ ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì òde òní lọ ni ó ń fa ilà sí.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà lè gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò ṣòro láti rí. Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi dá òwò ẹrú dúró ní 1807 fi àyè sílẹ̀ pé kí a lè fi àwọn tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú sábẹ́ ọ̀gá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́, fún iye ọdún tí kò gbọdọ̀ ju 14 lọ. Sàró ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ lára àwọn tí wọ́n dé ibẹ̀. Àjàyí Crowther, tí ó gúnlẹ̀ sí Sàró ní 1822, kọ́ iṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀. Ní àwọn erékùṣù West Indies pẹ̀lú, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni òfin pe àwọn ẹrú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ láti 1834 títí di 1838 tí òmìnira wọn tó pé. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì, ìkọ́ṣẹ́ àti freedom, ti ń rìn pọ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n mú ẹ̀sìn, ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ tuntun padà wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta.

4. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ inú Yorùbá

Èdè Yorùbá kì í fi àyè gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, fáwẹ́lì i wọ àárín f àti r, fáwẹ́lì u sì tẹ̀lé m ní ìparí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú fíìmù. Ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ ohùn mọ́lẹ̀ gba ohùn òkè. Ibi tí wọn kò ti tẹ̀ ẹ́ gba ohùn ìsàlẹ̀. Báyìí ni fírídọ̀ọ̀mù ṣe jáde.

Ti gírámà ni ó ṣe pàtàkì jù. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ipò ni freedom jẹ́; a kì í sáábà kà á ní ení, èjì. Ní Yorùbá, ìṣẹ̀lẹ̀ ni, a sì lè kà á. Ènìyàn lè sọ pé, “Fírídọ̀ọ̀mù mẹ́ta ni mo lọ lóṣù yìí.” Ẹ tún wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá a rìn. A ń ṣe fírídọ̀ọ̀mù bí a ti ń ṣe ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Nítorí náà, ayẹyẹ ni. A ń gba fírídọ̀ọ̀mù bí a ti ń gba oyè tàbí ìwé ẹ̀rí. Nítorí náà, ohun tí ó ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ọ̀gá ń fúnni ní fírídọ̀ọ̀mù. Nítorí náà, ó ní ẹni tí ó ní àṣẹ láti fún ni, ó sì lè ṣàì fún ni. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta yìí ti mọ ìlò ọ̀rọ̀ náà tán.

Bí ó ti wù kí ó rí, a kò jẹ́ fi òmìnira rọ́pò rẹ̀. Nàìjíríà gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960; aránṣọ kò gba òmìnira, fírídọ̀ọ̀mù ni ó gbà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wà ní èdè wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dá iṣẹ́ tirẹ̀ mú.

5. Ìdí tí a fi nílò ọ̀rọ̀ náà

Ẹnìkan lè bèèrè pé ṣé àwọn bàbá wa kò kọ́ṣẹ́ kí Òyìnbó tó dé ni? Wọ́n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n agbo ilé ni iṣẹ́ wà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ń fín ẹwìrì lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ọmọ ahunṣọ ń ká òwú lọ́dọ̀ bàbá tirẹ̀. Kò sí àdéhùn láàárín bàbá àti ọmọ, kò sì sí ọjọ́ tí bàbá yóò dá ọmọ sílẹ̀ kúrò nínú ìdílé. P. C. Lloyd, nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó kọ ní 1953 lórí ètò iṣẹ́ ọwọ́ ní àwọn ìlú Yorùbá, fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere: ìdílé ni ó di iṣẹ́ àtijọ́ mú, ẹgbẹ́ ni ó di iṣẹ́ tuntun mú. Nígbà tí iṣẹ́ télọ̀, bíríkìlà, káfíńtà àti mẹkáníìkì dé, ọmọ ní láti lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Àdéhùn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ohun tí ó bá sì ní ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní òpin tí ó lórúkọ. Ní àwọn ọdún 1960, Archibald Callaway ṣe ìwádìí lórí àwọn ìsọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ Ìbàdàn. Ó sì fi yé àwọn ọ̀mọ̀wé pé ilé-ẹ̀kọ́ gidi ni àwọn ìsọ̀ wọ̀nyí, bí wọn kò tilẹ̀ ní pátákó ìkọ̀wé.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí ó yà mí lẹ́nu. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, níbi tí Faransé ti ṣàkóso, àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ń ṣe irú ayẹyẹ yìí kan náà. Wọn kò mọ freedom. “Libération” ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìdásílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò kọ́ wọn, wọn kò sì kọ́ wa. Bí ẹni méjì tí wọn kò jọ sọ èdè àjèjì kan náà bá yan ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ kan náà, a jẹ́ pé lọ́dọ̀ àwọn fúnra wọn ni èrò náà ti wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún wa ní ọ̀rọ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ ti wà nílẹ̀ níhìn-ín. Èrò náà ni pé ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ wà lábẹ́ ọwọ́ ọ̀gá, kò sì tíì ní ara rẹ̀ títí ọ̀gá yóò fi ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ohun tí a ń ṣe lọ́jọ́ náà fi èyí hàn. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ a kúnlẹ̀. Ọ̀gá a gbé ọwọ́ lé e lórí, a sì wúre fún un. Wọn a fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́: sísọ́ọ̀sì àti téèpù fún aránṣọ, spánnà fún mẹkáníìkì. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ a ka ìwé ẹ̀rí sétí gbogbo ènìyàn, wọn a buwọ́ lù ú, òbí a dúpẹ́, oúnjẹ àti ìlù a tẹ̀lé e. Ẹnu ọ̀gá tí ó ti ń bá a wí láti ọdún yìí wá ni ó ń sọ pé, “Láti òní lọ, ìwọ náà di ọ̀gá.” Gbólóhùn yìí gan-an ni fírídọ̀ọ̀mù, ọ̀ṣọ́ rẹ̀ ni ìyókù.

6. Gbólóhùn kan, ìtumọ̀ méjì

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ wàyí. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ìwé àdéhùn kan sọ pé: “Lẹ́yìn ọdún 3, ọmọ yìí yóò gba fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀.” Òbí kà á, ó gbọ́ ọ sí òpin: bí ọdún 3 bá pé, ọmọ mi ń bọ̀ nílé. Ọ̀gá kà á, ó gbọ́ ọ sí ayẹyẹ: bí ọdún 3 bá pé, ó tó àkókò kí wọ́n wá san owó fírídọ̀ọ̀mù, kí wọ́n sì dá ọjọ́. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Òbí ń sọ ìtumọ̀ inú ìwé atúmọ̀ èdè, ọ̀gá ń sọ ti inú ìsọ̀. Láàárín ìtumọ̀ méjì yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin kan lè há sí fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti mọṣẹ́, ó ń ránṣọ tí a ń tà, ṣùgbọ́n kò lè ṣí ìsọ̀, nítorí pé owó ayẹyẹ kò tíì pé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ fún ẹni tí ó ti mọṣẹ́ tí kò tíì di ọ̀gá: “journeyman”, ọ̀rọ̀ tí ó wá láti inú ọ̀rọ̀ Faransé tí ó ń tọ́ka sí iṣẹ́ ojúmọ́ kan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò rárá. Ẹni tí ó ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Ní tiwa, ẹni tí ó ń dúró de owó fírídọ̀ọ̀mù kò ní orúkọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gba owó. Ohun tí kò lórúkọ, ó ṣòro láti fi bèèrè ẹ̀tọ́.

N kò wá sọ pé àwọn ọ̀gá jẹ̀bi. Wọ́n ní ìdí tiwọn. Ọmọ kan lè sá lọ kí ó tó mọ bí a ti ń gé ọrùn ẹ̀wù, kí ó ṣí ìsọ̀ sí òdìkejì títì, kí ó máa ba aṣọ oníbàárà jẹ́ ní orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kò bá ní ọjọ́ kan tí ó fi ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹni báyìí yege, kí ni oníbàárà yóò gbẹ́kẹ̀ lé? Ìjọba ní ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà tí ó ń wá aránṣọ ní Bẹẹrẹ kò ní bèèrè ìwé yẹn. Yóò bèèrè pé lọ́dọ̀ ta ni o ti kọ́ṣẹ́. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde: orúkọ ọ̀gá ni ẹ̀ṣọ́ tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń kó jáde.

Nítorí náà, àbá mi kò ju pé kí a kọ ohun méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé àdéhùn. Kí a kọ ọjọ́ tí ìkọ́ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Kí a kọ owó ìkọ́ṣẹ́. Kí a kọ owó fírídọ̀ọ̀mù, kí a sì sọ ẹni tí yóò san án. Kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé bí ọjọ́ ìparí bá kọjá tí owó kò tíì pé, iṣẹ́ tí ọmọ náà bá ń ṣe yóò ní owó ọ̀yà, bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Ìwé ẹ̀rí tọ́ sí ẹni tí ó mọṣẹ́. Kò yẹ kí ó dúró de ìnáwó. Bí àwọn kan bá fẹ́ jẹun, kí wọ́n sì jó, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ lẹ́yìn ìwúre.

7. Ìlò ọ̀rọ̀ náà nígbà tí a bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wọn. Bí ọmọ Nàìjíríà bá ń bá ọmọ Nàìjíríà sọ̀rọ̀, “I did my freedom” yé wọn, kò sì sí ohun tí ó ṣe é. Bí ó bá ń kọ ìwé wáṣẹ́ sí ẹni tí kò gbé ilẹ̀ yìí rí, kí ó kọ “I completed my apprenticeship”, kí ó sì fi iye ọdún àti irú iṣẹ́ tì í. Ohun tí kò gbọdọ̀ kọ ni “I was freed”, nítorí pé ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé ẹ̀wọ̀n ni ó ti ń bọ̀. Olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ fa ilà sí ọ̀rọ̀ náà kí ó dákẹ́. Kí ó sọ pé ìlò méjì ni ó wà, kí ó sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti yẹ.

Bí a bá sì fẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ́ńbélé fún un, “ìparí ìkọ́ṣẹ́” kò tó, nítorí pé ọmọ ni ó ń parí iṣẹ́ kíkọ́, ọ̀gá ni ó sì ń fúnni ní fírídọ̀ọ̀mù. Ìyọ̀ǹda ni ó sún mọ́ ọn jù lójú mi, nítorí pé ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ni ó fi ìfẹ́ inú jọ̀wọ́ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rò pé ó di dandan kí a lé fírídọ̀ọ̀mù jáde nínú èdè wa. Ó ti pẹ́ tó láàárín wa láti di ọmọ ilé.

8. Ìkádìí

Mo ti fi hàn pé ìlò ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu wa kì í ṣe àṣìlò. Ìtumọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú rẹ̀ láti ilẹ̀ rẹ̀ wá, àwa sì rí àyè fún un nítorí ètò iṣẹ́ tiwa. Mo tún ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ méjì lè na ọmọ ènìyàn ní ọdún kan gbáko bí a kò bá là á lójú nínú ìwé. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń gba ọmọ síṣẹ́, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń mú ọmọ lọ, kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé: èwo ni a ń pè ní fírídọ̀ọ̀mù nínú ìwé yìí, ọjọ́ ni tàbí ayẹyẹ?